Fẹ́lóṣíìpù Ìwádìí Lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé: Ipò Olùkọ́ Yorùbá Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ojúgbà wa ní ẹ̀ka Yorùbá ló gbà pé fẹ́lóṣíìpù ìwádìí, ìyẹn owó àti àkókò tí àjọ kan yọ̀ǹda fún onímọ̀ láti fi ṣe ìwádìí láìsí pé yóò san án padà, kò kan àwa. Wọ́n ní ti àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ àti ti àwọn amòfin ni. Èrò yìí kò tọ̀nà, pàápàá tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin fúnra rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1989; àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe tiwọn ní 1990; Nàìjíríà sì ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003. Òfin yìí lòdì sí fífi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kiri ọjà ní òpópónà, ṣùgbọ́n ó fàyè gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lóko tàbí nínú ilé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ọmọ náà. Níbo wá ni mọ̀lẹ́bí parí sí lẹ́nu Yorùbá? Ìyá tó ní "ọmọ àbúrò mi ni" lè máa sọ nípa ọmọ ará abúlé rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ó lè jẹ́ ọmọ tí a gbà tọ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Aṣèwádìí tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ti fi ọmọ tí ìyà ń jẹ pamọ́ sáàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ èdè yékéyéké ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ti ibi tí a ti lè wá owó, CODESRIA, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Dakar ní Senegal, ti ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́ fún àwọn onímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀. UNICEF náà ní ilé ìwádìí tirẹ̀ ní Florence ní Ítálì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Nílé níbí, TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ń fún àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba lówó ìwádìí nípasẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹni tó ní oyè M.A. ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oyè ọ̀mọ̀wé ni púpọ̀ nínú àwọn ti òkèèrè ń béèrè.

Àbá ìwádìí ló máa ń dá ọ̀pọ̀ wa padà. "Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Nínú Àṣà Yorùbá" kì í ṣe ìbéèrè. Ìwé ńlá kan kò lè gbà á tán. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè orúkọ tí àwọn ìyálọ́jà ní ọjà kan pàtó ń pe ọmọ tó ń bá wọn kiri, àti ohun tí orúkọ náà fi hàn nípa ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Àwọn olùyẹ̀wò yóò tún béèrè bí a ó ṣe gba ìyọ̀ǹda. Ti òbí nìkan kò tó. Ti ọmọ náà ṣe pàtàkì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa kì í sábà kọ̀ fún àgbà, nítorí náà "ẹ̀n, mà" rẹ̀ lè má jẹ́ ìyọ̀ǹda rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá yín pé olùkọ́ ọmọ kọ́ ni yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, pé a ó sọ fún un lójú òbí rẹ̀ pé ó lè dákẹ́ nígbàkígbà, àti pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde.