Àdúrà Tó Ń Tú Ẹni Tó Ń Gbà Á Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń sá fún la gbé wá lónìí, ìyẹn ìdáríjì. Àwa Kristẹni ni ọ̀rọ̀ náà dojú kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí náà lè bá wa dá sí i.

Ẹni tí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 2000 kò gbàgbé. Ẹni tó sin èèyàn rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì lọ́dún 2001 ṣì ń rántí. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àbúrò wọn ló dá wọn lóró: wọ́n fowó ilé kíkọ́ ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún, àbúrò ná an, kò sí ilé, kò sí owó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa kúnlẹ̀ gbàdúrà lálẹ́, a sì dìde láìní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Àwọn náà ló sọ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Òótọ́ ni méjèèjì. Ọlọ́run kò ní kí a purọ́ pé kò sí àpá. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí egbò jinná, kó má ṣe kẹ̀ sí wa lára.

Nínú àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù orí kẹfà, oúnjẹ òòjọ́ wà níbẹ̀, ìdánwò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àdúrà náà ti parí, ìdáríjì nìkan ni Jésù tún padà ṣàlàyé. Ó ní bí a kò bá dárí ji ẹlòmíràn, kí a má retí ìdáríjì lọ́dọ̀ Bàbá. Ẹni tó bá ń gba àdúrà yẹn pẹ̀lú ìkùnsínú, ara rẹ̀ ló ń dè.

Ẹ jẹ́ ká wo Pásítọ̀ James Wuye ti Kàdúná. Nínú ìjà ọdún 1992 tó bẹ̀rẹ̀ láti Zangon Kataf tó sì ràn dé Kàdúná, ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìjà kan náà ló pa olùkọ́ Ìmáàmù Muhammad Ashafa àti ìbátan rẹ̀ méjì. Pásítọ̀ náà ti sọ ní gbangba pé ìkórìíra wà lọ́kàn òun fún ọdún mélòó kan. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run mìíràn ló là á yé e pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ìkórìíra wàásù Kristi. Lọ́dún 1995, òun àti Ìmáàmù náà pàdé, wọ́n sì jọ dá àjọ Interfaith Mediation Centre sílẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn àlàáfíà tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn fọwọ́ sí ní Kàdúná ní oṣù kẹjọ ọdún 2002. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọwọ́ tó gé kò hù padà, ṣùgbọ́n ìkórìíra kò jọba lórí ẹni tó ni ín mọ́.

Báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe yín fún Ọlọ́run láìfi bò. Dáfídì náà rojọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ẹni náà, kí ẹ sì tọrọ ire fún un, bó tilẹ̀ ṣe pé ẹnu lásán lẹ kọ́kọ́ fi ń sọ ọ́. Bó bá tún ru yín nínú lọ́la, ẹ tún un gbà. Nígbà tí Pétérù béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀méje tó, Jésù sọ fún un pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìdáríjì kò ní kí a má pe ẹjọ́, kò sì ní kí a tún kó owó lé ẹni tó ti ná tàkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀san nìkan ló ní kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń dárí jini, kí oorun wa sì dùn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.