Fẹlá Kì Í Ta Orin Àná!

Ìyá alákàrà tó mọṣẹ́ kì í gbé àkàrà àná síwájú oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ṣe ta orin ní Afrika Shrine, òpópónà Pepple, n'Íkẹjà, kó tó kú lóṣù kẹjọ ọdún 1997.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Tó bá dá orin tuntun, kì í sáré gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Iwájú èrò Shrine ló ti ń kọ́kọ́ kọ ọ́, tí yóò máa tún un ṣe bíi télọ̀ tó ń wọn aṣọ wò lára oníbàárà. Orin kan ṣoṣo lè gbà tó ìdajì wákàtí. Á dánu dúró, á fi àwọn aláṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́, èrò á rẹ́rìn-ín títí. Èyí ni wọ́n ń pè ní "yabis".

Ṣùgbọ́n tí orin bá ti wọnú àwo, ó tán nìyẹn! Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí kó kọ "Lady", kì í sábà dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó lọ ra àwo.

Àbí agídí lásán ni? Rárá o. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà jó ilé rẹ̀ ní Mushin, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú lọ́dún 1978. Orin àná kò lè sọ ìyẹn. Fẹlá dá tuntun, "Unknown Soldier", ó jáde lọ́dún 1979.

Ọ̀rọ̀ tuntun, orin tuntun. Ọjà Fẹlá nìyẹn.