Ilẹ̀ Mayo ní Írẹ́lándì: Bí Wọ́n Ti Pín In, àti Ẹni Tó Ni Ín



Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù keje, lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní ilẹ̀ Írẹ́lándì máa ń gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Croagh Patrick. Òkè náà ga tó mítà 764, òkúta wẹẹrẹ tó wà lórí rẹ̀ sì máa ń yẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ lásán gùn ún. Wọ́n ní orí rẹ̀ ni Pátíríkì Mímọ́ ti gbààwẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ohun tí ẹni tó bá dé góńgó òkè náà ń rí nísàlẹ̀ la fẹ́ sọ, nítorí pé ilẹ̀ Mayo tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹní, ìtàn ilẹ̀ náà sì tó ohun tí ó yẹ kí onílé àti àgbẹ̀ gbọ́.

Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ (òjò kì í wọ́n níbẹ̀, a gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀), olúwarẹ̀ yóò rí òkun tó wọ inú ilẹ̀ ní ìhà àríwá, tí wọ́n ń pè ní Clew Bay, tí erékùṣù wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ní wọ́n jẹ́ 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ẹni tó kà wọ́n kò wí fún wa bóyá ó ka èyí tí omi ń bò mọ́ ọn. Lẹ́yìn wọn ni Achill wà, erékùṣù tó tóbi jù lọ nínú gbogbo àwọn tó yí Írẹ́lándì ká. Nephin ń bẹ ní òkè lọ́hùn-ún, mítà 806. Mweelrea ń bẹ ní gúúsù, mítà 814, òun ló sì ga jù ní gbogbo ẹkùn Connacht. Bí ó bá wá yíjú sí ìlà-oòrùn, ilẹ̀ ti tẹ́jú: pápá koríko, ọ̀gbàrá òkúta, àti àwọn adágún omi ńlá bí Mask, Carra àti Conn.

Ilẹ̀ méjì ló wà nínú ọ̀kan, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní ìlà-oòrùn, òkúta irú èyí tí a fi ń ṣe ṣìmẹ́ntì ló wà lábẹ́ ilẹ̀, koríko sì ń hù dáadáa lórí rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, irà dúdú ni, ilẹ̀ jíjẹrà tó mu omi yó bí kànìnkànìn, tí wọ́n ń gé ní bíríkì bíríkì, tí wọ́n ń sá a sóòrùn, tí wọ́n sì fi ń dáná. Kò ṣeé fi gbin nǹkan púpọ̀. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò lórí ilẹ̀ àkọ́kọ́, orí èkejì ló máa ń bá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irà náà kò wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Belderrig, Patrick Caulfield, ṣàkíyèsí pé bí àwọn ènìyàn ti ń gé irà, wọ́n ń kan òkúta tó tò lẹ́sẹẹsẹ nísàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Séamas, tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́, ló padà wá fi ọ̀pá irin gún irà náà níbí àti lọ́hùn-ún títí ó fi rí i pé ògiri ààlà oko ni: oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, tí a pín ní ìlà tó gún régé, lórí ilẹ̀ tó ju 1,000 hẹ́kítà lọ. Céide ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún lọ tí àwọn àgbẹ̀ yẹn ti pín ilẹ̀ wọn. Irà ló wá bò ó mọ́lẹ̀.

Pípín tí a mọ orúkọ rẹ̀ lónìí ńkọ́? Írẹ́lándì ní ẹkùn ńlá mẹ́rin, Connacht sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mayo wà nínú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di kántì ní nǹkan bí 1570, nígbà tí Henry Sidney ń ṣàkóso fún ọbabìnrin wọn. Lábẹ́ kántì wọ́n ní bárónì mẹ́sàn-án: Erris, Tirawley, Burrishoole, Murrisk, Carra, Gallen, Costello, Clanmorris àti Kilmaine. Ẹ má rò pé wọ́n dá a sílẹ̀ lójú kan. Ilẹ̀ àwọn ìdílé alágbára àtijọ́ ni wọ́n kàn fi orúkọ tuntun pè. Murrisk, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ti ìdílé Ó Máille, àwọn atukọ̀. Ọmọbìnrin ìdílé náà, Gráinne Ní Mháille, ló gba ojú omi lọ bá Elizabeth ọbabìnrin ní 1593 láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Costello sì jẹ́ orúkọ àwọn Norman tí wọ́n wá fi idà gba ilẹ̀, tí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ bíi ti onílé, tí wọ́n sì ń sọ èdè wọn.

Lábẹ́ bárónì ni páríṣì wà, níbí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tó ń ka ìwé yìí. Páríṣì méjì ni ará Mayo ní. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì yapa kúrò lọ́dọ̀ Pápá, Ìjọ ọba ló gba àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pẹ̀lú ààlà páríṣì wọn, ìjọba sì ń fi ààlà náà kọ ìwé owó-orí. Àwọn Kátólíìkì kò ní ilé ìsìn mọ́, fàdá wọn kò pọ̀, nítorí náà wọ́n so páríṣì àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ fún fàdá kan. Títí di òní olóní, ààlà méjèèjì kò bá ara wọn mu. Ẹni tó ń wá orúkọ bàbá-ńlá rẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi gbọdọ̀ kọ́kọ́ mọ páríṣì wo là ń sọ.

Èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ni ó wù wá jù. Baile fearainn ni wọ́n ń pè é ní èdè Írẹ́lándì. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní townland. Kì í ṣe ìlú, ó sì lè máà ní ilé kan ṣoṣo nínú. Ilẹ̀ ni, tó ní orúkọ àti ààlà. Àwa yóò máa pè é ní ilẹ̀ ìletò. Wọ́n lé ní 60,000 ní gbogbo Írẹ́lándì, Mayo nìkan sì ní ju 3,000 lọ. Wọn kò dọ́gba: ilẹ̀ ọlọ́ràá máa ń kéré, ti irà máa ń tóbi. Sheskin tó wà nínú irà Mayo ju 7,000 éékà lọ, òun ló tóbi jù ní Írẹ́lándì. Orúkọ wọn ń sọ ìtàn. Carrow tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ ní Connacht, ceathrú ni, ìdámẹ́rin: Carrowmore ni Ìdámẹ́rin Ńlá, Carrowbeg ni Ìdámẹ́rin Kékeré. Ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́ ni. Ní 1585, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Connacht, ṣílè mẹ́wàá lórí ìdámẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bù lé wọn.

Ẹ rí i pé ìwọ̀n ilẹ̀ ti ń di ìwọ̀n owó. Ó tún le sí i lẹ́yìn náà. Ní 1653 ìjọba Cromwell pàṣẹ pé kí àwọn Kátólíìkì tó ní ilẹ̀ níbòmíràn kó lọ sí Connacht àti Clare, kí wọ́n lọ gba ilẹ̀ tó kéré ju tiwọn lọ. Òfin 1704 sì ní bí Kátólíìkì onílẹ̀ bá kú, kí wọ́n gé ilẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀, àfi bí àkọ́bí bá wọ Ìjọ ọba: nígbà náà òun nìkan ni yóò jogún. Báyìí ni ilẹ̀ Mayo ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó díẹ̀, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ wá ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wọn.

Ní 1838, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba dé Mayo. John O'Donovan wà pẹ̀lú wọn, ọ̀mọ̀wé tó ń bi àwọn àgbà ní orúkọ ilẹ̀ ìletò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọ ọ́ sórí àwòrán ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Kil tí ẹ ń rí nínú orúkọ lè jẹ́ cill, ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lè jẹ́ coill, igbó; bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, Gẹ̀ẹ́sì á ti da méjèèjì pọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orúkọ ni ìjọba ṣe rán wọn, nítorí owó-orí ni.

Nígbà tí ọ̀dùnkún òyìnbó bàjẹ́ ní 1845 tí ìyàn mú, àwọn tálákà Mayo kò ní oúnjẹ mìíràn. Òfin kan jáde ní 1847: ẹni tó bá ń dáko tó ju ìdámẹ́rin éékà kan lọ kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ ìrànlọ́wọ́, àfi bó bá kọ́kọ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ilé dúró láàárín ilẹ̀ àti ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí iye ilẹ̀ àgbẹ̀ kan kò bá ju pọ́n-ùn mẹ́rin lọ lọ́dún, onílẹ̀ ni ó gbọdọ̀ san owó-orí àwọn òtòṣì lórí rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ onílẹ̀ rí i pé ó dín ìnáwó kù láti wó ilé wọn. Wọ́n wó wọn. Ní 1841 àwọn ará Mayo lé ní 388,000. Ní 2022 wọ́n jẹ́ nǹkan bí 138,000.

Lára àwọn tí wọ́n lé ni ìdílé Davitt ní Straide, ní 1850. Michael ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ òwú ti gé apá ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1879 ó padà sí Mayo. Ìpàdé ńlá wáyé ní Irishtown ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ wọ́n dá ẹgbẹ́ onílẹ̀-fún-àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Castlebar. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará Knock, nínú kántì kan náà, rí Ìyá wa Màríà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò yẹ kí a fi pamọ́ fún yín pé lẹ́tà kan jáde lórúkọ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà MacHale, ẹni ọdún 88, tó lòdì sí ìpàdé Westport ní oṣù kẹfà ọdún náà. Àwọn àgbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì lọ sí ìpàdé.

Ní 1880, aṣojú onílẹ̀ kan lẹ́bàá adágún Mask, Charles Boycott, kọ̀ láti dín ìṣákọ́lẹ̀ kù tó bí wọ́n ti béèrè. Wọn kò lù ú. Kò sí ẹni tó bá a ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó tà fún un, kò sí ẹni tó kí i. Ìjọba fi ọmọ ogun ṣọ́ nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn tó wá láti ìhà àríwá wá bá a kórè. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn Redpath ti kọ ọ́, fàdá páríṣì ibẹ̀, John O'Malley, ló ní kí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ ti ń sọ boycotter láìmọ̀ pé oko Mayo ló ti wá.

Lẹ́yìn èyí ni òfin tẹ̀lé òfin, pàápàá ti 1903, tí ìjọba fi yá àwọn àgbẹ̀ lówó láti ra ilẹ̀ tí wọ́n ń dá. Wọ́n tún kó àwọn ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fọ́n káàkiri jọ, tí ọkùnrin kan lè ní ogún ojúlé oko láìsí méjì tó kan ara wọn, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ibì kan. Iṣẹ́ náà pẹ́; ọdún 1999 ni wọ́n tó ti ọ́fíìsì tó ń bójú tó o.

Bárónì kò ní iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn òfin 1898. Ilẹ̀ ìletò ṣì wà. Ní 2015 ìjọba fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ fún lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní Eircode. Kí èyí tó dé, lẹ́tà sí ìgbèríko Mayo kì í ní orúkọ òpópó tàbí nọ́ńbà ilé: orúkọ ènìyàn, orúkọ ilẹ̀ ìletò, orúkọ ìlú tó súnmọ́ ọn, ó parí. Bí ènìyàn mẹ́ta lórí ilẹ̀ ìletò kan bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹni tó ń pín lẹ́tà ni yóò mọ èwo nínú wọn ni.