Arìnrìn-àjò Ojú Ọ̀nà àti Àwọn Onílé Rẹ̀ ní Ìdànrè

Ìrìn-àjò orí ilẹ̀ ni èyí tí ènìyàn ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láìwọ ọkọ̀ òfuurufú, tí gbogbo ẹrù rẹ̀ sì wà nínú àpò kan ṣoṣo tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ń rin irú rẹ̀ ní láti béèrè ọ̀nà, kí ó jókòó ní gáréèjì títí ọkọ̀ yóò fi kún, kí ó jẹun níbi tí àwọn ará ìlú ti ń jẹun, kí ó sì sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, nítorí náà ọwọ́ àwọn onílé ni ìrìn-àjò rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú rere tí ó ń bá pàdé ní ilẹ̀ Yorùbá ní ètò tirẹ̀ tí ó ti pẹ́, ètò tí ó fi ojúṣe lé onílé lọ́wọ́, tí ó sì fi òmíràn lé àlejò lọ́wọ́, àwọn ìlú bíi Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ni a ti lè rí i bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rí wà nínú ìtàn pé ètò náà kì í ṣe ti òní. Ní ìparí ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, wọ́n sì gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Aláàfin, tí wọ́n dé ní oṣù kìíní ọdún 1826. Ibà pa àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ènìyàn kò pa wọ́n lára, nítorí Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ti rin ọgọ́ta máìlì láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, tí ẹrù wọn tó pọ̀ sì ti kọjá lọ́wọ́ nǹkan bí ọ̀wọ́ aláàárù mẹ́wàá, ohun tí iye rẹ̀ tó ṣílè kan kò sọnù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Olórí ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan àwọn tí yóò ru ẹrù àlejò dé ìlú kejì, nítorí náà ẹrù tí ó bá sọnù ní ibi tí a ó ti béèrè rẹ̀, ìtìjú rẹ̀ yóò sì mọ́ orúkọ ìlú kan tí gbogbo ayé mọ̀.

Ìwé àdéhùn ni ó ń ṣí ẹnu ibodè fún arìnrìn-àjò òde òní. Ní ọdún 1979, ECOWAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti káàdì àjẹsára rẹ̀ bá ti pé. Ẹni tí ó bá ti Kútọnù bọ̀ yóò gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọ Èkó, láti Èkó yóò gba Ṣàgámù, Òrè àti Oǹdó dé Àkúrẹ́, ìrìn nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, lẹ́yìn náà ni yóò wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé e rin kìlómítà mẹ́rìnlélógún tí ó kù dé Ìdànrè.

Òkè ni ó kọ́kọ́ ń kí àlejò níbẹ̀. Àwọn àpáta ńláńlá yọ sókè yí ìlú ká, àwọn kan nínú wọn sì ga tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà ju ìtẹ́jú òkun lọ. Orí wọn ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé ọ̀tá kò lè tètè gùn wọ́n, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ dó ní 1923. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta ó lé ọgọ́ta ni a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé-ìwé àkọ́kọ́, ojúbọ àti ibojì wà títí di òní. Níbẹ̀ náà ni ojú ẹsẹ̀ tí a ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lórí àpáta, èyí tí ìtàn sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti àgbà. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè yìí tí a kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé, tí àwọn onímọ̀ kò fojú kàn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Wọlé Ṣóyinká náà fi orúkọ ìlú yìí pe ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní 1967, èyí tí Ògún gba ipò ńlá nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé àpáta nìkan ni ohun tí a lọ wò ní Ìdànrè yóò pàdánù ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Ìkíni ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́. Àwọn tí ó jókòó sí iwájú ilé wọn ń retí pé ẹni tí ń kọjá ni yóò kọ́kọ́ kí wọn, nítorí ẹni tí ó ń bọ̀ ni ó bá ẹni tí ó wà nílẹ̀, bí àjèjì náà bá sì lè sọ "ẹ káàárọ̀" tàbí "ẹ kú ìjókòó", bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ lọ́ pọ̀, "ẹ kú ìrìn" àti "ẹ káàbọ̀" ni wọn yóò fi dá a lóhùn, ìbéèrè yóò sì tẹ̀ lé e: níbo ni ó ti wá, ọ̀dọ̀ ta ni ó ń lọ, àwọn ará ilé ńkọ́? Àwọn àjèjì kan máa ń ka ìbéèrè wọ̀nyí sí ìtọpinpin, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn ni pé àlejò tí kò ní onílé kò ní ẹni tí yóò dáhùn fún un bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń béèrè ń wá ẹni tí yóò fà á lé lọ́wọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó béèrè náà ni yóò di onílé rẹ̀, tí yóò pe ọmọ kan láti mú un dé ibi tí ó ń lọ, tí kò sì ní jẹ́ kí ọlọ́kadà gba owó tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, oúnjẹ tẹ̀ lé e. Bí ó bá bá àwọn ènìyàn nídìí oúnjẹ, wọn yóò ní kí ó wá jẹun, ìdáhùn tí ó yẹ ẹni tí kò fẹ́ jẹ sì ni "á gba ibi ire", èyí tí ó jẹ́ àdúrà fún ẹni tí ń jẹun, tí ó sì fi hàn pé a kò kọ inú rere rẹ̀. Ìpè náà dé ọ̀dọ̀ ẹni gbogbo, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àjèjì mọ̀ pé onílé lè ya owó kí oúnjẹ náà tó dé iwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Nítorí náà, àlejò tí ó bá ra búrẹ́dì tàbí èso wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fún àwọn ọmọ ilé, ti mọ ohun tí ó yẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni onílé kò ní bínú sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kọ́kọ́ sọ pé kò yẹ kí ó ṣe wàhálà.

Àlejò tí ó ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn kọ́ ni Ìdànrè kọ́kọ́ mọ̀. Ilẹ̀ kòkó ni ìlú náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oko sì ti wá láti ọ̀nà jíjìn láti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí àwọn onílé fún ní ibùgbé nínú ahéré, ìyẹn ilé kékeré inú oko, tí àwọn ọmọ wọn sì ń sọ èdè ìlú náà lónìí. Ẹni tí ó bá dé ní àkókò ìkórè, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, yóò rí kòkó tí wọ́n sá sí etí ọ̀nà, òórùn kíkan rẹ̀ yóò sì ti bá a kí ó tó rí i, nítorí wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó sá a. Bí ó bá dúró béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn yóò dá iṣẹ́ dúró láti ṣàlàyé fún un. Ẹni tí ó bá yá ọkọ̀ wá láti Èkó ní òwúrọ̀, tí ó gun òkè tí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, kò lè rí èyí.

Ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà ti ń ba ètò ìgbàlejò yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba. Ìjínigbé lójú ọ̀nà ni ó fà á tí àwọn gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù fi dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ẹni tí ó bá sì gbọ́n kì í rìn lóru, kì í sì í wọ inú igbó láìní amọ̀nà. Amọ̀nà ni ẹni tí ó mọ òkè, tí ó sì mọ ìtàn rẹ̀. Òun ni ó mọ ibi tí òjò ti mú kí àpáta máa yọ̀, òun ni ó mọ ojúbọ tí a kò gbọ́dọ̀ ya ní fọ́tò, òun náà ni yóò sì sọ fún àjèjì bí ọdún ìbílẹ̀ kan bá ti dé tí òkè kò ní gba àlejò. Owó rẹ̀ tọ́ sí i, a kò sì gbọ́dọ̀ ná an bí ẹni ń ná tòmátì lọ́jà.

Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ààfin, ilé ẹjọ́ àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn sì wà nínú ohun tí a kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sórí òkè kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ yóò ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn amọ̀nà ń sọ fún àlejò ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà wọn, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé kankan. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Àkúrẹ́ súnmọ́ àwọn amọ̀nà wọ̀nyí tó láti gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní ohùn àti ní èdè Ìdànrè fúnra rẹ̀, ó sì ti yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.