Àtúnṣe Ètò Kọ̀ǹpútà: Ẹ Ka Ohun Tó Fẹ́ Jáde Kí Ẹ Tó Gba Èyí Tó Fẹ́ Wọlé

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Linus Sebastian, ará Kánádà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lórí YouTube fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé fídíò kan jáde tó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo Linux. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí Windows ti mọ́ lára lè fi Linux ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe nílé, títí kan géèmù. Pop!_OS, oríṣi Linux kan tí iléeṣẹ́ System76 ní ìlú Denver lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń ṣe, ló fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wá fẹ́ gbé Steam wọlé, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ra géèmù. Ó tẹ bọ́tìnì, kò ṣiṣẹ́. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ náà. Ẹ̀rọ náà to orúkọ àwọn nǹkan tó máa yọ kúrò, ó kìlọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣe yìí léwu, ó ní bó bá dá a lójú, kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: "Yes, do as I say!" Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí mo ṣe wí. Ó kọ ọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà yóò fi tún tàn, kò sí àwòrán, kò sí bọ́tìnì kankan mọ́. Lẹ́tà lórí ojú dúdú ló kù.

Báwo ni ètò géèmù kan ṣe lè lé odindi ojú kọ̀ǹpútà jáde?

Kò sí ètò tó dá dúró. Ẹni tó kọ ètò tó ń fi fídíò hàn kì í fúnra rẹ̀ kọ bí ohùn ṣe ń jáde, bí lẹ́tà ṣe ń hàn, tàbí bí ẹ̀rọ ṣe ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ ìyẹn, kálukú sì wà nínú ìdì tirẹ̀. Lára ìdì kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ kan wà tó ń sọ pé: mo nílò lágbájá, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí báyìí, èmi àti tàmẹ̀dù kò lè jọ gbé. Ìgbáralé nìyẹn. Lórí Debian, oríṣi Linux tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, dpkg ló ń tú ìdì, APT ló sì ń ṣírò ẹni tó nílò ẹni. Inú ìdílé Debian ni Ubuntu àti Pop!_OS ti jáde, ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Steam ń béèrè fún ìdì 32-bit lórí ẹ̀rọ tí ìdì 64-bit ti wà. Òfin ni pé bí ìdì kan náà bá wà ní oríṣi méjèèjì, ẹ̀dà wọn gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́. Lásìkò yẹn, oríṣi 32-bit ti ìdì kan kò sí nínú àká System76, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ìdì sí, bó ṣe yẹ kó wà. APT wá ọ̀nà títí, ọ̀nà tó rí ni pé kó yọ àwọn tó ń dínà, kó sì yọ gbogbo ohun tó gbára lé wọn. Ojú kọ̀ǹpútà wà lára wọn.

APT kò ṣi ìṣirò ṣe. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Àbùkù wà lára àká tí kò pé, ó tún wà lára ìkìlọ̀ tí wọ́n fi orúkọ tí kò yé aráalé bò mọ́lẹ̀. System76 tún ti wọn ṣe kíákíá. Láìpẹ́ sígbà náà, àwọn tó ń ṣe APT fúnra wọn yí i padà, kò fi gbólóhùn kan péré gba èèyàn láàyè mọ́ láti yọ ọ̀pá tó gbé ilé ró. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí ètò kọ̀ọ̀kan kò kúkú di ohun tó nílò mọ́ra. Flatpak àti Snap ń ṣe nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wúlò, àmọ́ wọ́n ń jẹ àyè, wọ́n ń jẹ dátà. Ìdì tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò dà bíi kànga tí gbogbo agboolé ń pọn: bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé ló mu omi tó mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2014, àṣírí àléébù Heartbleed tú nínú OpenSSL, ìdì tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀dà 1.0.1g tó wo àléébù náà sàn jáde. Ẹni tó ń lo Debian kò nílò láti máa wá ètò kọ̀ọ̀kan kiri. Ó pààrọ̀ ìdì OpenSSL, ó tún àwọn ètò tó ń lò ó tàn, ó parí.

Bí ẹnì kan bá wá da májèlé sí kànga ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ ní 2024. XZ Utils jẹ́ ìdì kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má baà gbàyè. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bá wọn ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ títí wọ́n fi fọkàn tán an, ó wá fi ọ̀nà ẹ̀yìn pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. SSH, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ló ń dọdẹ. SSH fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú XZ. Àmọ́ Debian àti Fedora, oríṣi Linux mìíràn, ti so SSH mọ́ systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, systemd sì ń lo ìdì kan láti ara XZ, ibẹ̀ lolè gbà. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ṣàkíyèsí pé SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò fi sílẹ̀ títí ó fi dé ìdí ọ̀rọ̀, ó sì ké gbàjarè ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Gbogbo ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ ọkùnrin yìí ní ọpẹ́. Ẹ̀dà onímájèlé yẹn kò tíì dé Debian stable. Testing àti unstable, níbi tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò, ló dé.

Ṣé kéèyàn wá jókòó láìṣe àtúnṣe? Rárá o. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, WannaCry, gba ihò tí àtúnṣe yẹn ti dí wọ inú àwọn ẹ̀rọ tí wọn kò tíì tún ṣe, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó. NHS, ètò ìlera ìjọba ní Ìlú Ọba, wà lára àwọn tó kàn, àwọn ilé ìwòsàn kan sì ní láti dá aláìsàn padà. Ní tèmi, ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò bá jáde ni kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ̀dà tuntun tí èèyàn kàn ń sá tẹ̀ lé torí pé ó tuntun, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń dán an wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, bí irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà, ni kò kúnjú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Linux ṣì lè sọ wọ́n di ohun èlò gidi fún ọdún púpọ̀ sí i, bí ẹni tó ni ín bá mọ àṣẹ mẹ́ta yìí yàtọ̀ síra: "apt update" kàn ń wo ohun tó dé sínú àká ni, kì í yí nǹkan kan padà, "apt upgrade" ń gbé ẹ̀dà tuntun wọlé láìyọ ìdì kankan kúrò, "apt full-upgrade" lè yọ èyí tó bá dínà. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi "-s" kún méjì tó gbẹ̀yìn, yóò sọ ohun tí yóò ṣe láìṣe é.

APT máa ń sọ iye dátà tó fẹ́ jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bátìrì ti fẹ́ kú. Bí iná bá lọ lójijì tí iṣẹ́ dúró lágbede méjì, ẹ má sáré pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àṣẹ "sudo dpkg --configure -a" sábà máa ń parí ohun tó kù.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nílé ni àká àjèjì. Èèyàn á fi ọ̀kan kún un nítorí ètò kan, á fi òmíràn kún un lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìgbà tí àtúnṣe ńlá bá wá dé, ìṣirò ò ní bára mu mọ́. Ẹ yọ èyí tí ẹ kò lò mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "REMOVED" tàbí "REMOVING" lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ Y. APT 3.0 tó wà nínú Debian 13 tiẹ̀ ń fi àwọ̀ pupa kọ orúkọ àwọn tó máa lọ. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ ń lò níbẹ̀, tàbí tí orúkọ náà pọ̀ ju ohun tí ẹ béèrè fún lọ, ẹ tẹ N, kí ẹ padà wá lọ́la. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àká máa ń ti pé nígbà náà.