Ìwádìí jẹ́ọ́gráfì lórí òwò àgbáyé ní etíkun Ìlàjẹ

Ìwádìí jẹ́ọ́gráfì jẹ́ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè, tí ó ń kó ẹ̀rí jọ ní àyíká rẹ̀, tí ó sì ń ya máàpù kí ó tó dé orí ìpinnu. Nínú ẹ̀kọ́ òwò àgbáyé, ìbéèrè mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: níbo ni ọjà ti wá, ọ̀nà wo ni ó gbà, ta sì ni ó jèrè? Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Igbókọ̀dá, jẹ́ àpẹẹrẹ rere.

== Ìtàn ==
Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń ra epo pupa àti ekùrọ́ ní etíkun Yorùbá. Epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Òróró ni wọ́n ń fún lára ekùrọ́, wọ́n sì ń fi èyí tí ó ṣẹ́kù bọ́ ẹran ọ̀sìn. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser ti ìlú Hamburg gba ilẹ̀ etíkun lọ́dọ̀ Amapetu ti Máhìn. Gustav Nachtigal, aṣojú Jámánì, sì bá Amapetu ṣe àdéhùn ààbò. Ní ọdún kan náà ni Jámánì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti gba Èkó ní 1861.

== Epo rọ̀bì ==
Lónìí, epo rọ̀bì ni ọjà tí ó ń ti omi Ìlàjẹ lọ sí òkè òkun. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ gba orí pèpéle epo Parabe ti Chevron láti béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe àyíká wọn. Àwọn ológun yìnbọn, ènìyàn méjì sì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ aráàlú tó gbọ́ ẹjọ́ ti dá Chevron láre ní 2008.

== Ìwádìí nínú ọjà ==
Ẹja ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Igbókọ̀dá. Yóò ya edé àti ẹja tí àwọn apẹja Ìlàjẹ pa sọ́tọ̀. Bí Titus inú yìnyín tàbí òkùpòròkó láti Nọ́wè bá wà lórí àtẹ, yóò kọ iye owó wọn sílẹ̀, yóò sì fa ìlà láti orílẹ̀-èdè wọn dé Igbókọ̀dá lórí máàpù. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ìdí tí ìlú apẹja fi ń ra ẹja òkèèrè. Iye owó nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn apẹja fúnra wọn.