Ìsàmì àti Ìtẹ̀bọmi: Bí Ọ̀rọ̀ Ti Ń Fi Ìgbàgbọ́ Hàn

Èkìtì a máa pe ilé ní ulé, a sì máa pe ìlú ní ulú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìsìn Kristi, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé àti Òkè-Àkò, ọ̀rọ̀ ìwé ni ó gba ipò ọ̀rọ̀ ilé, ìjọ kọ̀ọ̀kan sì ní èyí tí ó yàn. Ẹni tí ó bá ní òun ti gba ìsàmì, àti ẹni tí ó ní wọ́n ti tẹ òun bọmi, kò sọ ohun kan náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni Òyìnbó ní fún méjèèjì.

Nínú ìsàmì, àmì ni etí ń gbọ́. Ó sì bá ìṣe Ìjọ Áńgílíkà mu, nítorí pé àlùfáà a máa fi àmì àgbélébùú sí iwájú orí ọmọ ọwọ́. Omi díẹ̀ ti tó. Ọmọ náà kò sì ní láti sọ̀rọ̀, àwọn tí ó dúró fún un ni ó ń dáhùn.

Ìtẹ̀bọmi kò fi àyè sílẹ̀ fún omi díẹ̀. Tẹ̀, bọ, omi: bí aláró ti ń tẹ aṣọ bọ inú ìkòkò aró títí kò fi ní ku ibì kan ní gbígbẹ. Àwọn Onítẹ̀bọmi gbà pé ikú, ìsìnkú àti àjíǹde pẹ̀lú Kristi ni rírì àti dídìde náà ń fi hàn. Nítorí náà ẹni tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ nìkan ni a lè ṣe é fún. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìrìbọmi, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n òkúta a máa rì, ọkọ̀ a máa rì, láìsí ẹni tí ó tì í. Tẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò tẹni àti ẹni tí ó gbà kí a tẹ òun, ó sì sún mọ́ ìṣe náà jù.

Ọdún 1850 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti gúúsù Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1858 ni ìwé gírámà àti ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ará C.M.S. ni iṣẹ́ Bíbélì pọ̀ sí jù, èyí tí ó parí ní 1884. Nínú Bíbélì àtijọ́ náà, Johannu kì í ṣe asàmì, kì í sì í ṣe onítẹ̀bọmi, Baptisti ni. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú, àwọn Onítẹ̀bọmi ti fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí rírì sínú Bíbélì èdè Bẹ̀ngálì, Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Lọ́ńdọ̀nù sì kọ̀ láti ná owó sí i. Èyí ni ó mú kí àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tiwọn sílẹ̀ ní 1840. Ọ̀rọ̀ àyálò, nígbà náà, ni kò gbè sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Bíbélì Yorùbá Òde Òní ti wá pe Johanu ní onítẹ̀bọmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni lọ́kàn ni ìgbà tí ẹni tí a sàmì fún ní kékeré bá fẹ́ wọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi, bóyá nítorí ìgbéyàwó, tí a sì ní kí ó wọ inú omi. Àwọn ẹbí rẹ̀ a bèèrè bóyá asán ni èyí tí wọ́n ti ṣe. Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í pè é ní àtúnṣe: a ti sàmì fún un, a kò ì tíì tẹ̀ ẹ́ bọmi. Èdè Yorùbá mú kí ìdáhùn yìí rọrùn láti sọ; kò mú kí ó rọrùn fún ìyá tí ó gbé ọmọ lọ síwájú àlùfáà láti gbọ́.

Irú ìyàtọ̀ yìí wà nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Onítẹ̀bọmi a máa ṣe ìkómọjáde fún ọmọ ọwọ́ kí ó tó dàgbà di ẹni ìtẹ̀bọmi. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni wọ́n ń sọ ju Ara Olúwa lọ, nítorí pé ìrántí ni wọ́n gbà á sí. Díákónì nínú Ìjọ Áńgílíkà ti wọ ẹgbẹ́ àlùfáà. Láàrin Onítẹ̀bọmi, ó lè jẹ́ oníṣòwò tàbí olùkọ́ tí ìjọ yàn. Àlùfáà pàápàá, ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò kí ìgbàgbọ́ tó dé, kò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn lára mu, nítorí pé lójú wọn gbogbo onígbàgbọ́ ni àlùfáà níwájú Ọlọ́run. Pásítọ̀ ni wọ́n ń pe olórí ìjọ, bí ará ọjà tilẹ̀ ń pe gbogbo wọn ní àlùfáà.